Bí A Ti Lè Dán Oúnjẹ Wò Nínú Ilé

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bí àwọn baba wa ti máa ń pa òwe náà nìyẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì fara sin: ibi tí oúnjẹ ń gbà wọ inú ènìyàn láti fún un ní agbára, ibẹ̀ náà ni ikú lè gbà wọlé. Ní ayé àtijọ́, ọ̀jẹun àti ẹni tí ń jẹun kiri ilé onílé ni a máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Ní òde òní, gbogbo wa ni ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń jẹ ni a kò mọ ẹni tí ó gbìn ín, a kò mọ ẹni tí ó sè é, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ ohun tí a pò mọ́ ọn kí ó tó dé ọwọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlú Ore ṣe àpẹẹrẹ. Ore ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ní ìpínlẹ̀ Ondo, títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Benin sì gba ibẹ̀ kọjá. Ní ẹ̀bá títì náà ni a ó ti rí epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a tò jọ, ọsàn nínú apẹ̀rẹ̀, àti gàrí nínú àpò. Inú oko àti abúlé àyíká ni ẹrù wọ̀nyí ti ń wá. Omifunfun jẹ́ ọ̀kan nínú irú abúlé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ra epo ní Ore ní òwúrọ̀ lè fi se ọbẹ̀ ní Èkó ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ó fún epo náà kò ní rí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ láéláé, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kò sì ní mọ orúkọ ẹni tí ó fún un.

Orúkọ abúlé náà, Omifunfun, a máa mú mi ronú. Omi tí ó funfun lójú lè jẹ́ omi mímu tí ó dára. Ó sì lè jẹ́ omi tí àrùn ń gbé inú rẹ̀. Ojú nìkan kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ fún wa.

Kì í ṣe pé àwọn ìyá wa ń ra ọjà láìwò ó. Wọn a fi ahọ́n tọ́ epo wò. Wọn a fi ìka méjì ra gàrí láti mọ̀ bóyá ó gbẹ. Wọn a gbóòórùn ẹja. Wọn a sì fi ẹyin sínú omi, nítorí pé ẹyin tí ó ti bàjẹ́ a máa léfòó. Ìmọ̀ ńlá ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ba oúnjẹ jẹ́ mọ̀ pé ojú, imú àti ahọ́n ni olùrajà gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí náà, àwọn mẹ́ta náà gan-an ni ó ń wá ọ̀nà àtitàn jẹ. Bí epo rẹ̀ bá ti pàdánù àwọ̀ rẹ̀, yóò wá aró pupa sí i. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì pọ́n, yóò wá ohun tí yóò mú un pọ́n ní tipátipá.

Àrékérekè yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun titun. Ní ọdún 1820, ọmọ Jámánì kan tí ń gbé ní London, Friedrich Accum, tẹ ìwé kan jáde nípa bí àwọn oníṣòwò ìlú náà ti ń ba oúnjẹ jẹ́. Ó fi hàn pé wọ́n ń fi òjé pupa kun wàràkàṣì kí ó lè pọ́n lójú, wọ́n sì ń fi bàbà sọ ẹ̀fọ́ inú ọtí kíkan di àwọ̀ ewé tútù kí ó lè wu ènìyàn í jẹ. Májèlé ni òjé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ni ó ń ṣe ní ibi jù lọ. Síbẹ̀, ogójì ọdún kọjá kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe òfin tí ó kan bíba oúnjẹ jẹ́ lápapọ̀, ní ọdún 1860.

Kí ni ẹni tí kò ní ilé ìwádìí, tí kò sì ní ẹ̀rọ, lè ṣe? Apá kan ìdáhùn náà wà nínú ilé ìdáná wa. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń jẹ tàbí tí à ń lò ni a lè pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ohun kíkan: omi ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan, omi ògì, àti omi ẹ̀gẹ́ tí a ti rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin. Èkejì ni ohun tí ó ní ìwà eérú: káún, omi eérú èèpo kòkó tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, àti ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ. Ọ̀tá ara wọn ni ìpín méjèèjì. Bí a bá dà wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó bá ara mu, ọ̀kan a pa agbára èkejì. Omi lásán tí ó mọ́ ni ó wà ní àárín wọn. Kò kan, kò sì ní ìwà eérú.

Àwọn òdòdó àti gbòǹgbò kan wà tí àwọ̀ wọn a máa yí padà nígbà tí ọ̀kan nínú ìpín méjèèjì bá kàn wọ́n. A ó máa pè wọ́n ní atọ́ka, nítorí pé wọ́n ń tọ́ka sí ohun tí ojú kò rí. Ní ọdún 1664, Robert Boyle, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọ̀ pé omi òdòdó violet a máa di pupa bí ohun kíkan bá kàn án, a sì máa di àwọ̀ ewé bí ohun tí ó ní ìwà eérú bá kàn án. Àwa kò ní láti wá òdòdó ilẹ̀ òkèèrè kiri. Atọ́ka méjì wà ní ọjà wa: ata ilẹ̀ pupa, àti ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe zobo.

Bí a ti ń ṣe ti ata ilẹ̀ pupa nìyí. Mú èyí tí ó tó ìka ọwọ́ kan, fọ̀ ọ́, kí o sì rin ín. Pò ó mọ́ omi gbígbóná díẹ̀, jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o sì sẹ́ ẹ. Gé ìwé funfun tí kò dán ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, rẹ ẹ́ sínú omi náà, kí o sì sá a ní ibòji títí yóò fi gbẹ. Ìwé náà yóò ní àwọ̀ ìyeyè. Bí o bá tì í bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Bí o bá tì í bọ omi káún, yóò di pupa rúsúrúsú ní ojú ẹsẹ̀. Bí o bá wá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ibi tí ó pọ́n náà, yóò tún padà di àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tí ó bá ti da ọbẹ̀ alátaalẹ̀ pupa sí aṣọ funfun rí, tí ó sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ti rí iṣẹ́ ìyanu kékeré yìí láìmọ ìdí rẹ̀.

Ti ìṣápá pupa kò ṣòro. Rẹ ìkúnwọ́ kan sínú omi gbígbóná, kí o sì sẹ́ ẹ nígbà tí ó bá tutù. Ohun kíkan a máa mú kí omi pupa náà túbọ̀ pọ́n. Káún àti ọṣẹ a sì máa sọ ọ́ di àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé. Ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta péré ni kí o kán sínú ohun tí ò ń dán wò, nítorí pé zobo fúnra rẹ̀ kan. Bí o bá dà á púpọ̀, kíkan tirẹ̀ ni yóò bo òtítọ́ mọ́lẹ̀.

Ibo ni ẹ̀kọ́ yìí ti wúlò fún wa? Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀gẹ́ yẹ̀ wò. Ní agbègbè Odigbo àti Okitipupa, ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe gàrí àti fùfú, òun náà ni a sì fi ń ṣe púpurú, èyí tí a ń rẹ, tí a ń fún omi rẹ̀ dànù, tí a ń mọ roboto, tí a sì ń yan lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Oúnjẹ tí ó dára ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tútù ní ohun kan nínú tí a máa di májèlé tí a ń pè ní sáyánáìdì nígbà tí a bá gé e tàbí tí a bá rin ín. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni ó ní in jù. Nígbà tí a bá rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi, àwọn ohun alààyè tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí a máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Omi a kan, ara ẹ̀gẹ́ a rọ̀, májèlé náà a sì máa tú jáde díẹ̀díẹ̀. Apá kan a bá omi lọ, apá kan a sì bá afẹ́fẹ́ lọ nígbà tí a bá gbé e ka iná. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ìlọ́ra. Kì í ṣe rírọ̀ nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Májèlé ni wọ́n ń lé lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn oníwọ̀ra kan wà tí wọn kò lè dúró. Wọn a da ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú sínú omi tí wọ́n fi rẹ ẹ̀gẹ́, kí ó lè yára rọ̀, kí ó sì funfun lójú. Ohun méjì ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó fi ọṣẹ bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó sì tún gba ọjọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gẹ́, tí májèlé tí ó yẹ kí ó jáde fi jókòó sínú rẹ̀. Ẹni tí ó rà á rò pé fùfú tí ó funfun jù ni ó dára jù.

Níhìn-ín ni atọ́ka ti lè sọ̀rọ̀. Fùfú tí a rẹ dáradára a máa kan. Bí a bá pò ó mọ́ omi mímọ́ díẹ̀, tí a sì ti ìwé ata ilẹ̀ pupa bọ̀ ọ́, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ kò yẹ kí ó yí padà. Bí ó bá di pupa rúsúrúsú, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ní ìwà eérú, ó sì yẹ kí a wádìí ohun náà.

Mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, inú wọn sì dùn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin tí ó ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ ní Omifunfun, kó ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún lọ sí ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà rẹ̀ rán an lọ ra fùfú ní ọwọ́ obìnrin kan tí ń tà á ní iwájú ilé. Ọmọ náà bu díẹ̀ sínú abọ́, ó pò ó mọ́ omi, ó sì ti ìwé bọ̀ ọ́. Ìwé náà pọ́n. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó sáré jáde, ó gbé ìwé náà sókè, ó sì kígbe pé: “Ọṣẹ wà nínú fùfú yìí! Ẹ má ṣe rà á o!”

Kí a tó ṣẹ́jú, èrò ti pé jọ. Àwọn kan tí wọ́n ti rà á dá a padà. Àwọn kan gba owó wọn. Àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí bú obìnrin náà. Ó dìde dúró, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní: “Ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́? Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi rẹ ẹ̀gẹ́ yìí. N kò fi ọṣẹ kàn án rí.”

Ìyá àgbà ọmọ náà gbọ́ ariwo, ó sì jáde. Kò bínú, kò sì pariwo. Ó pe ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Abọ́ wo ni o fi pò ó?”

“Abọ́ tí a fi jẹun ní alẹ́ àná ni, Màmá.”

“Ta ni ó fọ̀ ọ́?”

“Èmi ni, Màmá. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ yìí.”

“Ṣé o fi omi ṣàn án dáadáa?”

Ọmọ náà dákẹ́. Kò rántí bóyá ó ṣàn án.

Ìyá àgbà náà bu omi lásán sínú abọ́ kan náà, ó yí i po, ó sì ní kí ọmọ náà ti ìwé bọ̀ ọ́. Fùfú kò sí níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ìwé náà pọ́n. Wọ́n wá mú igbá titun, wọ́n fi omi ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n bu lára fùfú obìnrin náà sí i, wọ́n sì tún dán an wò ní ojú àwọn tí ó kù níbẹ̀. Àwọ̀ ìwé náà kò yí padà rárá.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní: “Ẹ dákun, Ìyá, ẹ forí jì mí.” Obìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì dáhùn pé: “Mo ti forí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti lọ ńkọ́? Ta ni yóò lọ sọ fún wọn?”

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ náà wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ojú sì tì mí ju bí ó ti tì í lọ. Mo ti kọ́ ọ bí a ti ń ti ìwé bọ omi. N kò kọ́ ọ bí a ti ń dán ìdánwò fúnra rẹ̀ wò. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, òun àti ìyá àgbà rẹ̀ a máa dúró ní ẹ̀gbẹ́ igbá obìnrin náà kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a sì máa dán fùfú náà wò ní ojú ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rà á. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ padà. Àwọn mìíràn kò padà mọ́. Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni àwọn baba wa ń pe ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fi ìwé kan ṣoṣo dá ẹjọ́, kò sàn jù ú lọ.

Láti ọjọ́ náà, èmi kì í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní ìdánwò yìí láìfi òfin mẹ́rin kún un. Èkíní: abọ́ mẹ́ta ni a ó lò, kì í ṣe ẹyọ kan. Omi lásán ni yóò wà nínú àkọ́kọ́, omi tí a tú káún díẹ̀ sí ni yóò wà nínú èkejì, oúnjẹ tí à ń dán wò ni yóò sì wà nínú ẹ̀kẹta. Bí ìwé bá pọ́n nínú omi lásán, abọ́ tàbí omi wa kò mọ́. Bí kò bá pọ́n nínú omi káún, ìwé wa kò dára. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá dáhùn bí ó ti yẹ ni a tó lè gba ẹ̀rí ẹ̀kẹta. Èkejì: a ó tún ìdánwò náà ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó sì bu oúnjẹ náà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀kẹta: a kò gbọdọ̀ jẹ èyí tí a ti fi ṣe ìdánwò. Ẹ̀kẹrin: bí ìwé bá tilẹ̀ pọ́n ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí ó tà á ni a ó kọ́kọ́ bi léèrè, ní jẹ́jẹ́ àti ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀wà tí a fi káún sè yóò mú ìwé pọ́n, ẹni tí ó sè é kò sì fi í pa mọ́.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé atọ́ka kì í dáhùn ju ìbéèrè tí a bi í lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ata ilẹ̀ pupa mọ̀: ǹjẹ́ ohun yìí ní ìwà eérú? Bí fùfú kò bá mú ìwé pọ́n, èyí kò fi hàn pé gbogbo sáyánáìdì ti jáde nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ fi hàn dájú pé kò sí ọṣẹ níbẹ̀ rí, nítorí pé a lè ti fi omi ṣan ọṣẹ náà kúrò, kíkan ẹ̀gẹ́ sì lè ti pa agbára rẹ̀. “N kò rí nǹkan” àti “kò sí nǹkan” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Epo pupa ni ó fi èyí hàn jù. Àwọ̀ epo wa ti wá láti inú ẹyìn fúnra rẹ̀, ohun tí ó fún un ní àwọ̀ náà ni ara wa sì ń sọ di fítámì tí ń ran ojú lọ́wọ́. Aró tí àwọn oníjìbìtì ń fi sí i ni a ń pè ní Sudan, èyí tí a ṣe fún kíkun ìda, epo ìdáná àti pólíṣì bàtà. A kọ̀ ọ́ nínú oúnjẹ nítorí ìfura pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ pàṣẹ pé epo pupa kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ wọn láìsí ìwé ẹ̀rí pé kò sí aró Sudan nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ tí ń mójútó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana kéde pé àwọn rí aró náà nínú epo tí wọ́n mú láti àwọn ọjà Accra. Àjọ NAFDAC, tí a fi òfin dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1993, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ fún àwa náà.

Ǹjẹ́ ata ilẹ̀ pupa tàbí zobo lè fi aró yìí hàn? Rárá o. Aró náà kò kan, kò ní ìwà eérú, kì í sì í tú sínú omi. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé epo tí ó bá dì ni ojúlówó. Àwọn mìíràn a sì ní epo tí ó bá dì ni ayédèrú. Kò sí èyí tí a lè gbára lé nínú méjèèjì. Apá kan wà nínú epo pupa tí a máa dì nígbà òtútù, apá kan sì wà tí a máa ṣàn. Aró kò yí èyí padà. Ilé ìwádìí nìkan ni ó lè sọ òtítọ́ nípa aró inú epo.

Bákan náà ni ti potassium bromate, tí àwọn oníbúrẹ́dì kan ń lò kí búrẹ́dì lè wú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ ọ́ ní ọdún 1990, NAFDAC sì kọ̀ ọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2003. Atọ́ka ilé ìdáná kò lè rí i. Ti kábáìdì, tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin, tí àwọn kan sì ń fi mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn pọ́n ní tipátipá, yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí ọ̀rinrin bá kàn án, ó ń tú gáàsì jáde, ohun funfun tí ó kù sílẹ̀ sì ní ìwà eérú. Bí ó bá wà lára èèpo, ìwé wa lè pọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá dì í sínú bébà ṣáájú kí a tó fi í sí àárín èso, ìwé wa kò ní rí nǹkan kan. Nítorí náà, fífi omi fọ èso kí a tó bó o tàbí kí a tó jẹ ẹ́ wúlò ju ìdánwò lọ.

Ẹnì kan lè wá bèèrè pé: bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àǹfààní gbogbo wàhálà yìí? Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí agbára ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ ni ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ké sí àwọn tí agbára wọn jù ú lọ. Àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ Bangladesh, ó sì kan ata ilẹ̀ pupa gan-an. Ní ibẹ̀, àwọn oníṣòwò kan ń fi kùn olójé kun ata ilẹ̀ pupa kí ó lè tàn yòò. Ní ọdún 2019, a rí òjé yìí nínú 47 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí àwọn olùwádìí mú láti ọjà. Wọ́n gbé àbájáde wọn lọ bá ìjọba. A kìlọ̀ fún gbogbo ìlú nínú ìwé ìròyìn, a sì mú ẹ̀rọ ìdánwò wọ ọjà, a sì bu owó ìtanràn lé àwọn tí ó jẹ̀bi. Nígbà tí ó di ọdún 2021, a kò rí i nínú ẹyọ kan mọ́. Ẹ wò ó: atọ́ka tí à ń fi dán oúnjẹ wò pàápàá lè nílò ìdánwò, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ni ó gbà láti lé ìwà ibi náà jáde nígbà tí ìmọ̀, òfin àti ará ìlú fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Àwa náà ní ipa láti kó. Ẹ jẹ́ kí a ra ọjà ní ọwọ́ ẹni tí a lè rí padà. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ lo iye ọjọ́ tí ó yẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi funfun àti pípọ́n nìkan yan oúnjẹ, nítorí pé ìfẹ́ wa sí àwọ̀ ni ó kọ́ oníjìbìtì ní iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìfura bá sì lágbára, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú díẹ̀ nínú ohun náà, kí a kọ ibi àti ọjọ́ tí a rà á sílẹ̀, kí àgbà kan sì gbé e lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ NAFDAC tàbí wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹni tí ó fi aró sínú kẹ́ẹ̀gì kan ba orúkọ ẹgbẹ̀rún kẹ́ẹ̀gì jẹ́. Ẹni tí ó pariwo láìwádìí lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣọ́ ọ̀nà ọ̀fun yín; ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka fùfú ẹlòmíràn sí ẹlẹ́gbin, ẹ kọ́kọ́ ṣan abọ́ yín.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni òǹkọ̀wé fẹ́ kí a mọ̀ nípa ojú, imú àti ahọ́n olùrajà?
2. Ṣàlàyé ìdí tí a fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀, àti ewu méjì tí ó wà nínú fífi ọṣẹ sí i.
3. Kí ni ìyá àgbà ọmọ náà ṣe tí ó fi mọ ibi tí àṣìṣe wà?
4. Kí ni iṣẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan nínú abọ́ mẹ́ta tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀?
5. “‘N kò rí nǹkan’ àti ‘kò sí nǹkan’ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.” Fi epo pupa ṣe àlàyé gbólóhùn yìí.
6. Kọ àròkọ kan lórí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí: (a) Ọjọ́ tí mo fi ẹ̀sùn èké kan ẹnì kan, (b) Bí a ti ń ṣe oúnjẹ kan ní ìlú mi, àti ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ kánjú ṣe é.